Ẹni tí Kọ́kọ́rọ́ Ìdíje Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé ibi eré ni a ti ń mọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ gidigidi láàrin àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láìfi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá. Wọn kì í sáré, wọn kì í fò sókè, òógùn kì í sì í bo ojú wọn. Inú kọ̀ǹpútà ni pápá ìṣeré wọn wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń pàdé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá borí, inú wọn a dùn bí ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ. Bí wọ́n bá sì pàdánù, oúnjẹ alẹ́ a máa korò lẹ́nu ẹlòmíràn nínú wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣe alábòójútó irú ìdíje bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ ẹni náà sì ni kọ́kọ́rọ́ ohun gbogbo wà. Irú ènìyàn tí ó yẹ kí ó jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ohun tí ó bá ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, kò sí ojú ẹlòmíràn tí ó tó o.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé olúkúlùkù, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ di mímọ̀ bí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Naismith ń wá eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣe nínú ilé ní àkókò òtútù, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ ara ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ilẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń gbìyànjú láti ju bọ́ọ̀lù sínú wọn. Láti ara apẹ̀rẹ̀ yìí ni eré náà ti gba orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin àti àwọ̀n ti gba ipò apẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 18 ni ó kọ́kọ́ gbá a, 9 ní apá kan, 9 ní apá kejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù sì wọ inú apẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí jù ni pé, kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, Naismith ti kọ òfin 13 sílẹ̀, ó sì ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà wọ́n. Òfin ni ó ṣáájú, eré ni ó tẹ̀lé e.

Láti ìgbà náà, eré yìí ti gbilẹ̀ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1939, ikọ̀ 8 ni ó kópa nínú ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ NCAA ṣe fún àwọn ọkùnrin. Láti ọdún 2011, ikọ̀ 68 ni wọ́n ń yàn láàrin àwọn yunifásítì tí ó lé ní 350 tí ó wà ní ipele àkọ́kọ́. Oṣù Kẹta ni ìdíje náà máa ń bẹ̀rẹ̀, ikọ̀ tí ó bá sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé ni ó ń lọ.

Ẹni tí ó fẹ́ràn eré yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì kò tó nǹkan. Nítorí náà ni ọgbọ́n fi dé. Ní ọdún 1961, Hal Richman ti mú eré Strat-O-Matic jáde, èyí tí ènìyàn lè fi káàdì àti egungun onígun mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n ń jù nínú lúdò, ṣe ìdíje eré baseball lórí tábìlì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó gba iṣẹ́ egungun àti káàdì ṣe. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rí ojú ara wọn rí lè kó ara wọn jọ, kí olúkúlùkù mú yunifásítì kan, kí ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Oníṣòwò lè wà nínú wọn, awakọ̀ lè wà nínú wọn, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà ni ó ń dá àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀: ó ń fún wọn ní orúkọ, ní gíga, àti ní nọ́ńbà tí ó ń fi hàn bí olúkúlùkù ti mọ̀ ọ́n jù sáwọ̀n tó, bí ó ti lè dènà alátakò tó, àti bí ara rẹ̀ ti le tó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, agbábọ́ọ̀lù a gboyè jáde bí ọmọ yunifásítì gidi, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò sì wá ọmọ tuntun rọ́pò rẹ̀.

Kí eré tó wáyé, akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀ọ̀kan yóò fi ìlànà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alábòójútó: àwọn márùn-ún tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré, ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù yóò lò, bóyá kí ikọ̀ máa yára tàbí kí ó máa rọra, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà dènà alátakò. Bí àkókò tí wọ́n dá bá pé, alábòójútó yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì tẹ bọ́tìnì kan. Eré tí ó yẹ kí ó gba wákàtí méjì yóò parí ní ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí ó kù ni kí ó gbé èsì jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ẹni tí yóò borí? Òtítọ́ ni pé kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá jẹ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọlé ní ìgbà 40 nínú 100, kọ̀ǹpútà yóò mú nọ́ńbà kan láàrin 1 sí 100, bí ẹni da egungun lúdò. Bí nọ́ńbà náà kò bá ju 40 lọ, bọ́ọ̀lù wọlé. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tàsé. Bí ẹni tí ó ń dènà rẹ̀ bá jẹ́ akíkanjú, 40 lè di 35. Nínú eré kan, bọ́ọ̀lù lè wà lọ́wọ́ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìgbà 70, ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ń ṣe ìṣirò yìí. Nítorí náà ni ikọ̀ tí ó dára jù fi sábà máa ń borí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ikọ̀ tí ó yẹ kí ó borí ní ìgbà 6 nínú 10 yóò pàdánù ní ìgbà 4, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí yóò jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin náà.

Àwọn kan a máa bínú sí èyí. Wọn a ní kọ̀ǹpútà ti rẹ́ àwọn jẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayé tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà ti rí. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Èkó kan, Hakeem Ọlájùwọ́n. Ní ọdún 1983, òun ni òpó ikọ̀ yunifásítì Houston, ikọ̀ náà sì ti borí nínú eré 26 léraléra kí wọ́n tó dé àṣekágbá ní ìlú Albuquerque ní oṣù Kẹrin. North Carolina State tí wọ́n bá pàdé ti pàdánù ìgbà 10 ní sáà náà. Ta ni kò ní sọ pé Houston ni yóò gba ife? Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì wọn jẹ́ 52 sí 52. Ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò dé ibi apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lorenzo Charles tí ó wà nítòsí gbá a mú lófuurufú, ó sì rì í wọlé bí àkókò ti ń parí lọ. Eré náà parí sí 54 sí 52. Ọlájùwọ́n ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú ìdíje náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ikọ̀ rẹ̀ ni ó pàdánù. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n tún eré náà gbá kí ẹni tí ó tọ́ sí lè gba ife. Bákan náà ni ó rí ní ọdún 2018, nígbà tí ikọ̀ Maryland ti Baltimore County fi 74 sí 54 lu Virginia tí gbogbo ènìyàn ti fi sípò kìíní.

Níhìn-ín ni ìdánwò alábòójútó ti bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí gidi wà níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú; bí ó bá ṣe èrú, ariwo yóò sọ. Ṣùgbọ́n alábòójútó ìdíje orí kọ̀ǹpútà dá nìkan wà. Bí èsì kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pa á rẹ́, kí ó dá fáìlì ìdíje padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ó sì tún bọ́tìnì tẹ̀. Ó lè tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà márùn-ún títí yóò fi rí èsì tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Èsì karùn-ún yóò dàbí òtítọ́ lójú gbogbo ènìyàn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó rí mẹ́rin ìṣáájú. Àní, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àánú ni ó ṣe é sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí ó ti pàdánù ní ìgbà mẹ́jọ léraléra, tí ó sì ti ń sọ pé òun yóò fi ìdíje sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú tí a fi ohun ìní ẹlòmíràn ṣe, olè jíjà ni. Ẹni tí ó pàdánù nínú èsì karùn-ún ti borí nínú àkọ́kọ́, kò sì ní mọ̀ láéláé. Ẹni bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ ọ ṣe.

Nítorí náà, òfin kìíní tí ó yẹ kí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ni pé ohun tí bọ́tìnì bá ti sọ, abẹ gé e. Síbẹ̀, òfin tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe ọmọ ènìyàn kì í ṣe òfin ọlọ́gbọ́n. Kí ó jẹ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ti fi ìlànà rẹ̀ ránṣẹ́ kí àkókò tó pé, ṣùgbọ́n alábòójútó gbàgbé láti kó o sínú kọ̀ǹpútà, tí ikọ̀ náà sì fi ìlànà ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá pàdánù, ẹjọ́ ta ni? Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ẹjọ́ orí rẹ̀, àṣìṣe alábòójútó ni. Nínú irú ọ̀ràn yìí, ó tọ́ kí wọ́n tún eré náà ṣe, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èkíní, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà pé ìlànà náà dé ní àkókò, irú ẹ̀rí tí aago inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Èkejì, alábòójútó gbọ́dọ̀ kéde àṣìṣe rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn kí ó tó tún bọ́tìnì tẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá tún pàdánù, ó ti parí. Kí wọ́n sì ti kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Naismith ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Òfin tí a ṣe lẹ́yìn ìjà, ojú ẹnìkan ni ó ń wò.

Ìbéèrè mìíràn tún wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ṣé ó yẹ kí alábòójútó ní ikọ̀ tirẹ̀ nínú ìdíje tí ó ń darí? Àwọn kan ní ó yẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa se ọbẹ̀ fún ogún ènìyàn kí òun má tọ́ ọ wò. Iṣẹ́ náà pọ̀, kò sì sí owó oṣù níbẹ̀. Bí kò bá ní ikọ̀ kan tí ọkàn rẹ̀ fà sí, yóò sú u. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di gbígbàgbé pé gbogbo ìlànà àwọn yòókù ni ó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá wo ìlànà alátakò kí ó tó ṣe tirẹ̀, ó ti dà bí ẹni tí ó ń ta ayò tí ó sì ń gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń rò. Ìlàjà tí ó tọ́ ni pé, bí ènìyàn bá pọ̀ nínú ìdíje, kí alábòójútó má ní ikọ̀ rárá. Bí wọn kò bá pọ̀, kí ó ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó fi ìlànà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn tí àwọn ènìyàn fọkàn tán, kí ó tó ṣí ti ẹnikẹ́ni. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ borí, ẹlẹ́rìí yóò wà.

Nínú èyí pẹ̀lú, àpẹẹrẹ Naismith dára fún wíwò. Ní ọdún 1898 ni ó lọ sí yunifásítì Kansas, níbi tí ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìgbà 55 ni ikọ̀ rẹ̀ borí níbẹ̀, ìgbà 60 ni ó sì pàdánù. Nínú gbogbo àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí Kansas ti ní, òun nìkan ni ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó dá eré náà sílẹ̀! Àbùkù kọ́ ni èyí jẹ́ fún un. Ẹni tí ó ṣe òfin, tí ó sì gbà kí òfin náà bi òun fúnra rẹ̀ ṣubú, ni ó fi hàn pé òfin ni òun ṣe lóòótọ́.

Iṣẹ́ alábòójútó kò parí sí orí òtítọ́ nìkan. Ó tún gbọ́dọ̀ máa ro ti aláìlágbára. Nínú ìdíje báyìí, ikọ̀ tí ó bá borí a máa níyì, àwọn ọmọ tuntun tí ó dára a sì máa fẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ni a ó tún fi kún fún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó sì máa ń bá ikọ̀ tí kò dára nílẹ̀, èyí tí ẹlòmíràn ti pa tì. Bí alábòójútó kò bá fi òpin sí iye ọmọ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan lè máa lépa lẹ́ẹ̀kan náà, ikọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò máa gba ife láàrin ara wọn títí lọ, àwọn yòókù yóò sì máa yọ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ tí kò ní ẹni tí ń darí rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ni yóò sì máa bá kọ̀ǹpútà gbá. Ìgbà yẹn ni àwọn alágbára yóò mọ̀ pé ìborí kò dùn mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹni tí ó ń borí nílò ẹni tí ó lè pàdánù síbẹ̀ tí yóò tún padà wá ní ọ̀la.

Ó tún gbọ́dọ̀ pa àkókò mọ́. Bí ó bá ti sọ pé agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni òun yóò tẹ bọ́tìnì, agogo mẹ́sàn-án ni kí ó jẹ́. Ẹni tí ó dé láti ibi iṣẹ́ tí ó rẹ̀ ẹ́, tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti rí èsì, tí kò rí nǹkan kan ní ọjọ́ kìíní, ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ kẹta, kò ní padà mọ́. Ìṣubú kì í pa irú ìdíje yìí bí àdéhùn tí a kò mú ṣẹ ti ń pa á.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Wọn yóò ní eré lásán ni, kò sí owó níbẹ̀, kò sí agbábọ́ọ̀lù gidi níbẹ̀, àkókò ni ó ń jẹ. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó bá jẹ́ kí irú eré báyìí gba àkókò ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò gbọ́n, nítorí pé ikọ̀ inú kọ̀ǹpútà kò ní bá a jókòó ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n láti sọ pé ohun tí kò ní owó nínú kò ní ìtumọ̀, àṣìṣe ni. Níbi tí owó wà, ẹ̀rù ọlọ́pàá àti ti ilé-ẹjọ́ a máa mú ènìyàn ṣe rere. Níbi tí kò sí owó, tí kò sí ìjìyà, tí kò sì sí ẹni tí ó ń wò, ìwà ẹni nìkan ni ó kù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ènìyàn gidi, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fọkàn tán alábòójútó jẹ́ ènìyàn gidi, wákàtí tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nínú ayé wọn kò ní padà wá.

Kò sì jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní gbogbo ilé-ìwé, ọmọ kan wà tí olùkọ́ ń fún ní ìwé kí ó kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀. Ọmọ mìíràn wà tí ó ń ka àmì nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdíje ilé sí ilé, òmíràn sì wà tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ orúkọ lè fo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kò sí níbẹ̀, kò sì ní mọ̀. Agbára kékeré ni, ṣùgbọ́n agbára tí a kò rí ìdí rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tí ó ń tẹ bọ́tìnì ní òru. Bí ọmọ náà bá kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù, tí ó sì kọ tirẹ̀ náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá pariwo, ó ti di ẹni tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.